Ìmọ́lẹ̀ Ta Ni Mo Wọ̀n? Ìrírí Mi Pẹ̀lú Mítà Ìmọ́lẹ̀

Fíìmù àkọ́kọ́ tí mo fi mítà ìmọ́lẹ̀ (ẹ̀rọ àfọwọ́mú kékeré tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ fún ayàwòrán) yà, àwòrán 36 ló wà nínú rẹ̀, mẹ́rin péré ni mo rí lò. Ohun tó dùn mí jù ni pé n kò kánjú, n kò sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ náà. Kí n tó tẹ kámẹ́rà fún àwòrán kọ̀ọ̀kan ni mo ti fara balẹ̀ wọn ìmọ́lẹ̀, tí mo sì ti kọ iye tí mítà pè sínú ìwé kékeré kan tí mo fi sápò. Nígbà tí mo fọ fíìmù náà tán, tí mo gbé e sókè síná, ńṣe ni ara nẹ́gátíìfù mọ́ gaara bí ẹni pé n kò ya ohunkóhun sí i, àfi etí ẹ̀wù funfun kan àti iwájú orí tó ń dán díẹ̀ tó fi hàn pé èèyàn jókòó síbẹ̀.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi. Ó na fíìmù náà sí ojú fèrèsé, ó wo bí i àwòrán mẹ́fà, kò wí nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀, ó wá bi mí pé, "Ìmọ́lẹ̀ ta ni o wọ̀n?"

Mo ní, "Ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀ ni, sà."

Ó ní, "Níbẹ̀, níbo? Dìde, ṣe é bí o ṣe ṣe é kí n rí i."

Mo mú mítà náà, mo dúró sójú oòrùn níbi tí mo ti dúró lọ́jọ́ náà, mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni gbé àwo, igbá funfun kékeré orí rẹ̀ kọjú sí ọ̀run, mo sì ka nọ́ńbà tó pè fún ọ̀gá mi. Ó nawọ́ sí àga tó wà lábẹ́ ibòji, níbi tí ẹni tí mo yà ti jókòó, ó ní, "Ìwọ lo dúró sínú oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ ara tìrẹ lo wọ̀n. Ẹni tó jókòó sọ́hùn-ún, ta ló wọn tirẹ̀?"

Mo gbé mítà náà lọ sí ibi àga, mo fà á súnmọ́ ibi tí ojú èèyàn yóò wà, mo sì dojú igbá rẹ̀ kọ kámẹ́rà. Lójú oòrùn, ó ti pe f/16 (nọ́ńbà f ni ìwọ̀n ojú lẹ́ǹsì, bí ó bá ṣe ń tóbi sí i ni ojú náà ń kéré sí i) fún 1/125 ìṣẹ́jú àáyá lórí fíìmù ISO 100 (ISO ni ìwọ̀n bí fíìmù ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí). Lábẹ́ ibòji, f/5.6 ló pè. Láti f/5.6 sí f/16, sítọ́ọ̀pù mẹ́ta ni, nítorí pé f/8 àti f/11 ló wà láàárín wọn, sítọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan sì ń gé ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ inú lẹ́ǹsì sí ìdajì. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ohun tí fíìmù náà nílò ni mo ń fún un, àwòrán kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Àwọn mẹ́rin tó dára, àwọn ni ìgbà tí ẹni tí mo ń yà dìde jáde sínú oòrùn.

Mítà tí mo ń sọ yìí ti dàgbà jù mí lọ. Kò ní bátìrì. Abẹ́ igbá funfun rẹ̀ ni pèpéle selenium kan wà, ìmọ́lẹ̀ tó bá sì bọ́ lé e lórí ló ń di iná mànàmáná kínún tó ń ti abẹ́rẹ́ kiri lójú àwo. Èèyàn yóò kọ́kọ́ yí àwo náà sí ISO fíìmù rẹ̀, yóò wo nọ́ńbà tí abẹ́rẹ́ dúró lé, yóò gbé àmì àwo sí nọ́ńbà kan náà, gbogbo ìyára ṣọ́tà (ilẹ̀kùn kékeré inú kámẹ́rà tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ wọlé) àti ojú lẹ́ǹsì tó bá ìmọ́lẹ̀ náà mu yóò sì tò lọ níwájú ara wọn: f/16 níwájú 1/125, f/11 níwájú 1/250, f/8 níwájú 1/500. Mo fẹ́ràn àwo yìí títí dòní ju mítà tó ń kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo sójú gíláàsì lọ, nítorí pé ó ń fi gbogbo ọ̀nà hàn mí lẹ́ẹ̀kan náà, èmi ni mo ń yan èyí tí mo fẹ́.

Igbá funfun yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Don Norwood, ará Amẹ́ríkà kan, ló gba ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ (patent) lórí rẹ̀ ní ọdún 1940. Ojú èèyàn kò tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìwé. Ó yọ imú, ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì, iwájú orí rẹ̀ sì tẹ̀ kọrọdọ sẹ́yìn. Nítorí náà, igbá tí a dojú rẹ̀ dé, tó ń gba ìmọ́lẹ̀ láti iwájú, láti òkè, láti ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà, ló dúró fún ojú yẹn. Ẹ̀yìn tí mo ti mọ èyí ni mo tó mọ ìdí tí kò fi yẹ kí n gbé e sí ọ̀run bí àwo: ojú ẹni tí mo ń yà kò kọjú sí ọ̀run, kámẹ́rà mi ló kọjú sí.

Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá mi nígbà náà pé kí ló dé tí a ń ṣe gbogbo wàhálà yìí nígbà tí mítà wà nínú kámẹ́rà. Kò ṣàlàyé púpọ̀. Ó fi aṣọ mẹ́ta kọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, funfun, aláwọ̀ eérú àti dúdú, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run tí ìmọ́lẹ̀ kò sì yẹsẹ̀. Ó ní kí n fi ojú lẹ́ǹsì sí f/4, kí n súnmọ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kún inú kámẹ́rà, kí n sì ya á bí kámẹ́rà bá ṣe wí. Fún aṣọ funfun, kámẹ́rà ní 1/250. Fún ti eérú, ó ní 1/60. Fún dúdú, ó ní 1/15. Nígbà tí a tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìwé, tí a fún gbogbo wọn ní ìwọ̀n àkókò kan náà lábẹ́ iná, aṣọ eérú mẹ́ta ló jáde. Bí wọ́n ṣe hun òwú wọn nìkan ni mo fi dá èyí tó jẹ́ funfun mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ dúdú.

Mítà inú kámẹ́rà kò mọ aṣọ. Ìmọ́lẹ̀ tó ta padà láti ara nǹkan ló ń rí, wọ́n sì ti ṣe é kó máa rò pé ohun yòówù tó bá wà níwájú òun kò funfun, kò sì dúdú, ó wà láàárín, bíi káàdì eérú tí àwọn ayàwòrán ń lò, èyí tó ń dá ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ padà. Bí ó bá rí funfun, yóò ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò sì dín in kù. Bí ó bá rí dúdú, yóò ní òkùnkùn ṣú, yóò sì fi kún un. Nígbà tí mo gbé igbá funfun mítà mi síwájú aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 1/60 ni ó pè ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Kò wo aṣọ rárá. Ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ lé aṣọ lórí ló wọ̀n, ìyẹn kò sì yàtọ̀ láti aṣọ kan sí èkejì. Nígbà tí a sì ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 1/60, funfun funfun, dúdú dú.

Mo máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé mítà àfọwọ́mú mọ ìwọ̀n ju ti kámẹ́rà lọ. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ló mọ ìwọ̀n. Ìbéèrè tí à ń bi wọ́n ni kò jọra. Ìdí nìyí tí ìbéèrè ọ̀gá mi lọ́jọ́ yẹn fi wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀, tí mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé kékeré tí mo fi ń sápò.

Ọ̀rọ̀ ibi tí igbá yóò kọjú sí ló wá gba mí ní àkókò jù lọ, n kò sì rò pé mo ti kọ́ ọ tán. Òfin tí wọ́n ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ ni pé kí ó dúró níbi tí ẹni tí à ń yà wà, kí ó sì dojú igbá kọ lẹ́ǹsì kámẹ́rà. Òfin yìí dára bí ìmọ́lẹ̀ bá wá láti iwájú tàbí láti iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan mo ń ya obìnrin kan tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ń ti ẹ̀yìn etí òsì rẹ̀ wá. Mo dojú igbá kọ kámẹ́rà, ó pe f/4. Fíìmù sìláìdì, tí a máa ń wo àwòrán rẹ̀ tààrà lára fíìmù fúnra rẹ̀, ló wà nínú kámẹ́rà mi, èyí tí kì í dárí ji ẹni tó bá fún un ní ìmọ́lẹ̀ jù. Mo fi f/4 yà á. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀ tó wà nínú òjìji dára gan-an, ó rí bí mo ṣe rí i lójú ara mi. Ṣùgbọ́n etí òsì, èjìká òsì àti gbogbo irun ẹ̀gbẹ́ yẹn di funfun lásán tí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi ìka pa ẹfun sójú ìwé.

Nígbà tí a padà sídìí fèrèsé náà, ọ̀gá mi ní kí n tún wọ̀n ọ́n, kí n dojú igbá kọ fèrèsé lọ́tẹ̀ yìí. Ó pe f/8. Ó ní, "Kámẹ́rà ní kí o wá sí f/4, fèrèsé ní kí o wá sí f/8. Ta lo fẹ́ gbọ́ tirẹ̀?" Mo dákẹ́. Ó ní, "Pàdé wọn lágbedeméjì." F/5.6 ni a lò, òjìji ṣókùnkùn díẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ hàn, irun rẹ̀ hàn, mo sì fẹ́ràn àwòrán náà. Láti ìgbà náà, bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń ti ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn wá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń wọ̀n ọ́n: ọ̀kan sí kámẹ́rà, ọ̀kan síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀. Bí fíìmù nẹ́gátíìfù bá wà lọ́wọ́ mi, mo máa ń tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ èyí tí yóò fún òjìji ní ìmọ́lẹ̀ tó tó, nítorí pé nẹ́gátíìfù gba àṣejù ju àìtó lọ. Bí ó bá jẹ́ sìláìdì tàbí kámẹ́rà díjítà, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti mú jù ni mo ń dáàbò bò, nítorí pé ibẹ̀ bí ó bá ti jó, ó jó náà nìyẹn.

Mítà mi ní àwo funfun pẹlẹbẹ kan tí mo lè fi rọ́pò igbá náà. Mo kọ́kọ́ rò pé ohun àfidárà ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wọn ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo láìjẹ́ kí òmíràn dá sí i: mo lè dojú rẹ̀ kọ fèrèsé, kí ó pe f/8, kí n tún dojú rẹ̀ kọ ẹ̀gbẹ́ tó ṣókùnkùn, kí ó pe f/4, kí n wá mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kìíní jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí mo bá fẹ́ kí ojú náà rọ̀, mo lè gbé pátákó funfun sí ẹ̀gbẹ́ tó ṣókùnkùn, kí n máa tì í súnmọ́ títí mítà yóò fi pe f/5.6 níbẹ̀. Kí n tó mọ èyí, ńṣe ni mo ń fi ojú díwọ̀n, ojú sì jẹ́ ẹlẹ́tàn ńlá nínú ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀, torí pé ó ń bá òkùnkùn mu láìsọ fún ẹni tó ni ín.

Ohun kékeré kan wà tí kò sí ẹni tó sọ fún mi. Ní ọjọ́ kan, nọ́ńbà tí mo ń rí ní ẹ̀gbẹ́ òjìji kàn ń yí padà ṣáá, nígbà mìíràn ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì sítọ́ọ̀pù, láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà nínú yàrá. Mo gbọn mítà, mo nu igbá rẹ̀, mo bínú sí i. Ẹ̀wù mi ló ń ṣe é. Mo wọ ẹ̀wù funfun, bí mo bá ti kúnlẹ̀ súnmọ́ àga láti ka abẹ́rẹ́, àyà mi ló ń di pátákó tó ń ta ìmọ́lẹ̀ sínú òjìji. Bí mo bá sì ti gba ẹ̀gbẹ́ kejì, ara mi ló ń dí fèrèsé. Nísinsìnyí, mo máa ń na apá mi tán, kí n yẹra sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀wù tó dúdú díẹ̀ ni mo sì ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Àwọn àṣìṣe tó kù, ìwà gbàgbé ni. Mo ti fi àwo mítà sílẹ̀ ní ISO 400 nígbà tí fíìmù inú kámẹ́rà jẹ́ 100, mo sì ya gbogbo rẹ̀ ní sítọ́ọ̀pù méjì sísàlẹ̀. Mo rí díẹ̀ gbà là nípa fífi kún àkókò tí fíìmù lò nínú oògùn. Mítà mi tún ní irin pẹlẹbẹ kan tó ní ihò wínníwínní, tí à ń kì bọ ẹ̀yìn igbá bí oòrùn bá mú jù, kí abẹ́rẹ́ má baà ré kọjá òpin. Ìdá kan nínú 32 ìmọ́lẹ̀ ni irin náà ń jẹ́ kó wọlé, ìyẹn sítọ́ọ̀pù márùn-ún, àmì ọ̀tọ̀ ló sì wà lórí àwo fún un. Ẹni tó bá kì í bọ̀ ọ́ tó sì ka àmì kejì, ẹ jẹ́ kí n má sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ní ti fláàṣì, abẹ́rẹ́ mítà mi àtijọ́ kò lè bá a sáré. Mítà oníbátìrì ni ọ̀gá mi yá mi, èyí tí a lè fi wáyà so mọ́ fláàṣì, kí a tẹ bọ́tìnnì kan, kí fláàṣì kọ yẹ̀rì, kí nọ́ńbà sì jókòó sójú gíláàsì. Fláàṣì ti kọ, ó sì ti parí iṣẹ́ rẹ̀ kí ojú tó mọ̀ pé ó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kò sí bí èèyàn ṣe lè wò ó kó ní òun mọ̀ bí ó ti pọ̀ tó. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé ìyára ṣọ́tà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọ̀rọ̀ kan sọ lórí ìmọ́lẹ̀ fláàṣì, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti yára ju ibi tí kámẹ́rà gbà lọ. Ojú lẹ́ǹsì àti ibi tí a gbé fláàṣì sí ló ń pàṣẹ.

Ọ̀rọ̀ ibi tí a gbé e sí yìí ló fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Mo gbé fláàṣì kan sínú agboòrùn funfun, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí ojú ọkùnrin kan. Mo wọ̀n ọ́n, f/8. Mo padà sídìí kámẹ́rà, ọkùnrin náà sì rò pé ó yẹ kí òun rọgbọ̀kú dáadáa, ó fẹ̀yìn ti àga, ó sì ti àga náà sẹ́yìn. N kò kà á sí. Gbogbo àwòrán tí mo yà lẹ́yìn ìgbà náà ló ṣókùnkùn ní bí i sítọ́ọ̀pù kan. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti orísun kékeré jáde ń tàn kálẹ̀ bó ṣe ń lọ, tó fi jẹ́ pé bí a bá sọ ọ̀nà rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń dé ibi tó ń lọ. Láti ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́jọ, f/8 di f/4. Ṣùgbọ́n kò tilẹ̀ dé mẹ́jọ kó tó bà mí nínú jẹ́: láti mẹ́rin sí bí i márùn-ún àti ààbọ̀, ìdajì ìmọ́lẹ̀ ti lọ. Bí fláàṣì bá jìnnà, kí èèyàn sún sẹ́yìn díẹ̀ kò ṣe nǹkan. Bí ó bá súnmọ́ tòsí, ìṣísẹ̀ kan ti tó. Oòrùn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó fò sẹ́yìn lójú oòrùn kò fi nǹkan kan yí padà. Mo máa ń fi téèpù lẹ ẹsẹ̀ àga mọ́lẹ̀ nísinsìnyí, mo sì tún ń wọn ìmọ́lẹ̀ bí ẹni tí mo ń yà bá ti dìde.

Àwọn ibì kan wà tí igbá funfun kò wúlò. Bí ohun tí a fẹ́ yà bá fúnra rẹ̀ jẹ́ orísun ìmọ́lẹ̀, bí iná àtùpà, bí gíláàsì aláwọ̀ tí oòrùn ń tàn gbà ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, bí ojú ọ̀run nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan tó ń bọ́ lé e lórí tí a lè wọ̀n. Mo dúró síwájú fèrèsé gíláàsì aláwọ̀ nígbà kan, mo gbé igbá sókè, mo sì wọn òkùnkùn tó wà nínú ilé. Àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé, gbogbo wọn ló jó di funfun. Fún irú èyí, mítà tó ń wo ojú kan ṣoṣo ló yẹ, èyí tí à ń gbé sójú bí awò tó sì ń wo ìwọ̀n dígírì kan péré. Ṣùgbọ́n òun náà jẹ́ ọmọ ìyá mítà inú kámẹ́rà: ohunkóhun tó bá wò ni yóò pè ní eérú, èèyàn ló gbọ́dọ̀ sọ fún un pé eléyìí kì í ṣe eérú, kí ó fi sítọ́ọ̀pù kan tàbí méjì kún un tàbí kí ó yọ ọ́.

Ìtàn kan tí mo máa ń rántí lórí èyí ni ti Ansel Adams, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, ní ọdún 1941, ní Hernandez, ní ìpínlẹ̀ New Mexico. Òṣùpá ti yọ, oòrùn ń wọ̀, ìmọ́lẹ̀ ìkẹyìn sì wà lára àwọn àgbélébùú itẹ́ òkú kan, òun náà sì ń tú ẹrù, kò rí mítà rẹ̀. Ó rántí pé ìmọ́lẹ̀ òṣùpá jẹ́ kándẹ́lì (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kan) 250 fún ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, ó ṣírò láti ibẹ̀, ó ya ọ̀kan. Kí ó tó múra tán fún èkejì, oòrùn ti kúrò lára àwọn àgbélébùú. Ohun tó jọ mí lójú nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé òṣùpá jìnnà ju ibi tí èèyàn lè gbé igbá dé, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ oòrùn náà ló wà lára rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ ṣeé mọ̀ sórí. Ó mọ ìmọ́lẹ̀ ta ni ó ń wọ̀n láìní mítà lọ́wọ́.

Mítà àfọwọ́mú kò tún mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ẹni tí a ń yà àti fíìmù. Bí mo bá fi fílítà pupa sí iwájú lẹ́ǹsì, ó lè jẹ ìmọ́lẹ̀ sítọ́ọ̀pù mẹ́ta. Mítà kò rí fílítà náà, èmi ni mo gbọ́dọ̀ fi ohun tó jẹ kún un padà. Bí mo bá sún lẹ́ǹsì síwájú láti ya kòkòrò ní ìwọ̀n tí ara rẹ̀ jẹ́ gan-an lórí fíìmù, sítọ́ọ̀pù méjì ti lọ níbẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo gbàgbé èyí, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni mo ya labalábá kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá náà ló sì dúdú bí èédú.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwọn sìláìdì mi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ jù, ó ń rí bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo rò pé oògùn tí wọ́n fi ń fọ̀ wọ́n ni. Ọ̀gá mi ní kí n gbé mítà sójú oòrùn ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ojú ọ̀run bá mọ́ tí kò sì sí ìkùukùu kankan, kí n dojú igbá kọ oòrùn. Pẹ̀lú ISO 100, ó yẹ kó pe nǹkan bí f/16 fún 1/125. F/11 ló pè. Selenium inú rẹ̀ ti ń darúgbó. Ìmọ́lẹ̀ tó rí kéré sí èyí tó wà, nítorí náà ó ń sọ fún mi pé kí n la ojú lẹ́ǹsì sí i. Nẹ́gátíìfù mi ti ń gba àṣejù náà mọ́ra láìráhùn, sìláìdì ló tú àṣírí. Mo rò pé mo ti rí ọgbọ́n dá sí i: mo gbé àwo sí ISO 200 fún fíìmù 100, ó sì bọ́ sípò lójú oòrùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà oníbátìrì nínú yàrá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi sítọ́ọ̀pù méjì rẹlẹ̀ sí i. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń kéré sí i ni irọ́ rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ìta nìkan ni mo ń lò ó sí báyìí, mo sì fi bébà lẹ "+1" mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

Kí n tó gbé mítà kankan sókè lónìí, mo máa ń kọ́kọ́ fi ẹnu pe nọ́ńbà tí mo rò pé yóò jẹ́. Lójú oòrùn àti lábẹ́ ibòji, mo sábà máa ń bọ́ sí i. Nínú ilé lálẹ́ ni n kò tíì gbọ́n: bí mo bá pe f/4, mítà á pe f/2. Ó ti pẹ́ tí ojú mi ti ń fi irú rẹ̀ jẹ mí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí èmi àti ọ̀gá mi kò tíì parí, ìyẹn ọ̀rọ̀ awọ ara tó dúdú dáadáa. Mítà inú kámẹ́rà a máa fẹ́ sọ ọ́ di eérú, igbá funfun a sì fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ọ̀gá mi ní bó ṣe wà náà ni kí a yà á, nọ́ńbà tí igbá pè ni nọ́ńbà. Èmi ní tí ìmọ́lẹ̀ bá jẹ́ ti fèrèsé kan ṣoṣo, mo máa ń fi ìdajì sítọ́ọ̀pù kún un, kí ìlà ojú àti abẹ́ àgbọ̀n lè jáde lórí ìwé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ya ẹnì kan náà lọ́nà méjèèjì, lórí àga kan náà, a tẹ méjèèjì jáde, a sì fi wọ́n kọ́ ògiri yàrá òkùnkùn. Ó dúró síwájú wọn fún ìgbà pípẹ́, ó sún mọ́ èyí tí mo yà, ó wo abẹ́ àgbọ̀n náà, ó ní, "Ó hàn lóòótọ́." Lẹ́yìn náà ó tọ́ka sí tirẹ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n eléyìí ni ó jọ."